Àká Àkọsílẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Àjàgbà, ilẹ̀ Ìkálẹ̀



Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀, ohun tí ó bèèrè ni pé kí a sọ nípa ìwúlò kọ̀ǹpútà fún ìtàn ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ, kò sì sí ẹni tí ó tún ń jiyàn rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ni àwa fẹ́ sọ ní tiwa. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ẹgbẹ́ ìlú, ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ti ń kó ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé ìrìbọmi, ìwé ìdánwò àti ìwé owó wọn sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti kó o síbẹ̀ tán, wọn a gbé ìwé àtijọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ikán a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ikán bá jẹ èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé, tí ẹ̀rọ sì gbé èyí tí ó wà nínú rẹ̀ mì, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ wa?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ ẹ̀rọ nìkan ni. Iṣẹ́ ìríjú ni, ẹni tí ó sì ni ohun ìní ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí ìríjú rẹ̀ kó o sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní database ni a ó máa pè ní àká nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé iṣẹ́ àká gan-an ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí. Ètò ni a ó sì máa pe àwọn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà kí ó lè ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sọ́fítíwia. Ẹni tí ó bá da àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá ti kó àgbàdo jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní àká. Àká ní ìlẹ̀kùn, ó ní ọ̀nà tí à ń gbà tò ó, ó sì ní ọ̀nà tí à ń gbà mú èyí tí a fẹ́ láìda ìyókù rú. Bí a bá kọ orúkọ ẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sínú ìwé, tí ẹnì kan sì bèèrè àwọn tí ó wá láti Ìyànsàn nínú wọn, tí wọ́n sì wọlé ní ọdún 1998, a ó fi odidi ọjọ́ kan ṣí ìwé. Àká inú kọ̀ǹpútà yóò ti dáhùn kí ẹni tí ó bèèrè tó pa ẹnu dé.

Oríṣi àká méjì ni ó wà. Ọ̀kan dà bí ibi ìkówèésí ilé ẹjọ́: ó ní yàrá tirẹ̀, ó ní olùṣọ́, ó ní akọ̀wé tí ń dá gbogbo ẹni tí ó bá wá lóhùn. Ètò tí ń ṣe irú iṣẹ́ akọ̀wé bẹ́ẹ̀, tí ó jókòó de àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n wá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ni à ń pè ní sáfà. PostgreSQL àti MySQL jẹ́ irú èyí. Oríṣi kejì dà bí àpótí tí àwọn baba wa ń tì sí abẹ́ ibùsùn. Kò ní yàrá tirẹ̀, kò ní olùṣọ́, kì í sì gba àlejò. Inú ètò tí ń lò ó ni ó ń gbé: bí ètò náà bá jí, àká jí, bí ètò náà bá sùn, àká sùn. Ènìyàn lè lo irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó má mọ̀ pé àká kankan wà nínú rẹ̀. Ti oríṣi kejì yìí ni a bá wá, pàápàá èyí tí a fi èdè Java kọ, ìyẹn èdè ìpàṣẹ kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995.

Mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn: Derby, HSQLDB àti H2. Ìtàn Derby dà bí ti ọmọ tí ó gbé ọ̀pọ̀ ilé kí ó tó dàgbà. Ní ọdún 1996 ni a dá ilé iṣẹ́ Cloudscape sílẹ̀ ní ìlú Oakland, ní California, láti ṣe é. Ó jáde ní 1997. Informix ra ilé iṣẹ́ náà ní 1999. Ní 2001 IBM ra iṣẹ́ àká Informix, ó sì bá a lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni IBM fi ta Apache Software Foundation lọ́rẹ, àwọn tí ń tọ́jú ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ rẹ̀ sì di Derby. Láti 2006 ni Sun ti ń fi í sínú Java fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, Java DB, títí Oracle fi yọ ọ́ kúrò nínú Java 9 ní 2017. Títóbi rẹ̀ kò tó megabyte mẹ́rin. Àwòrán kan tí a fi fóònù yà lè tóbi jù ú lọ. Ní ti àwọn méjì yòókù, ẹnì kan náà ni ó wà ní ìdí wọn: Thomas Mueller ni ó kọ Hypersonic SQL, èyí tí àwọn ẹlòmíràn gbà ní 2001 tí wọ́n sọ di HSQLDB, òun fúnra rẹ̀ tún padà kọ òmíràn láti ìpìlẹ̀, èyí tí ó jáde ní 2005, tí ó sì pè ní H2.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. LibreOffice tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó ní apá kan tí à ń pè ní Base, HSQLDB sì ni àká tí ó jogún láti ara OpenOffice tí í ṣe òbí rẹ̀, láti ọdún 2005. Ètò DHIS2 ni ìjọba Nàìjíríà fi ń kó ìṣirò àwọn ilé ìwòsàn jọ, láti ilé ìgbẹ̀bí kékeré títí dé Àbújá. Yunifásítì Oslo ní Norway ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní South Africa ni a ti bí i, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó. Èdè Java ni a fi kọ ọ́. PostgreSQL ni àká ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti ṣe ìtẹ̀jáde kékeré kan rí tí à ń pè ní DHIS2 Live, kí ènìyàn lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, H2 sì ni àká tí a fi sínú èyí. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín ní àpótí abẹ́ ibùsùn yìí nílé, tí ẹ kò sì mọ̀.

Ẹni tí ó bá ṣí àpótí Derby wò yóò bá fáìlì kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ README_DO_NOT_TOUCH_FILES, èyí tí í ṣe pé: kà mí, kí o má sì fi ọwọ́ kan àwọn fáìlì wọ̀nyí. Inú wa dùn nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, nítorí pé àlè ni, bí èyí tí àgbẹ̀ ń so mọ́ ẹ̀bá oko rẹ̀. Fáìlì mìíràn wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ db.lck, èyí ni àgádágodo. Níwọ̀n ìgbà tí ètò kan bá ti ṣí àká náà, ètò kejì kò lè wọlé. Àwọn tí kò mọ̀dí a máa pa fáìlì àgádágodo yìí rẹ́ kí ètò méjì lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n a sì ba ohun gbogbo jẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa lo àká kan náà, Derby ní sáfà tirẹ̀ tí a lè gbé dìde, tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹnu-ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1527. Bí a kò bá yí i padà, inú kọ̀ǹpútà tí ó wà nìkan ni ó ti ń gbọ́, kì í dá ará ìta lóhùn. Ẹni tí ó bá ṣí i sí ìta láìkọ́kọ́ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí sí i ti fi ilé sílẹ̀ láìtì.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣe é fò. Ẹ̀yin ará apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò kí a sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò fi wà láìsí iná ìjọba, tí olúkúlùkù gbójú lé ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀. Derby àti Base kò rí bákan náà nínú ọ̀ràn yìí. Kí Derby tó ṣe ohunkóhun sí àkọsílẹ̀, ó ń kọ́kọ́ kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé ìrántí tirẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, nígbà tí ó bá tún jí, yóò ka ìwé ìrántí náà, yóò sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Fáìlì Base tí HSQLDB wà nínú rẹ̀ jẹ́ àpò kan tí a dì: bí a bá ṣí i, a ń tú ẹrù inú rẹ̀ jáde; bí a bá fi pamọ́ tí a sì pa á, a tún ń di ẹrù náà padà. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹrù wà nílẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà lè bá a lọ. Nítorí náà ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Base kọ ìwé ìrìbọmi ìjọ kan, àfi bí ó bá ní bátìrì tí ó ṣe é gbọ́kàn lé, tí ó sì ń tẹ àṣẹ ìpamọ́ ní gbogbo ìgbà.

Èyí mú wa dé orí ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fún omi rẹ̀ dànù, tí a mọ ọ́n ní roboto, tí a sì gbé e sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́, ó di púpúrú. Ó lè pẹ́ nílé, ó lè bá èrò rìn jìnnà, èèpo dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni a ó họ dànù. Àká tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀gẹ́ inú omi. Bí a bá kàn da àwọn fáìlì rẹ̀ kọ nígbà tí ó ṣí sílẹ̀, ẹ̀dà náà lè jẹ́ ìbàjẹ́. Derby ní àṣẹ tirẹ̀ fún ẹ̀dà ìpamọ́, tí ń jẹ́ SYSCS_BACKUP_DATABASE. Òun ni kí a lò. Lẹ́yìn èyí, kí a tún gbẹ àkọsílẹ̀ náà bí púpúrú, èyí ni pé kí a kó o jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán tí a fi kọ́mà pín, èyí tí à ń pè ní CSV. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, a lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ṣì ṣe é kà lónìí fún ẹni tí ó bá rí ẹ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n dísíkì pẹlẹbẹ tí a fi pamọ́ ní 1995, ta ni ó tún ní ẹ̀rọ tí yóò kà á?

Nísinsìnyí a dé orí ohun tí ó nira jù, èyí tí í ṣe sísọ àká àti sáfà di tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí kò bàjẹ́ kò yẹ kí a fi ọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà fún àga àti tábìlì. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá lanu, aláǹgbá kì í bèèrè ọ̀nà kí ó tó wọlé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ayé gbọ́ pé ihò kan wà nínú Log4j, ètò kékeré kan tí ọ̀kẹ́ àìmọye ètò Java fi ń kọ ìwé ìrántí iṣẹ́ wọn. Ihò náà ti wà níbẹ̀ láti 2013, kò sì sí ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè mú kí sáfà kọ gbólóhùn kan báyìí sínú ìwé ìrántí rẹ̀ lè gba sáfà náà lọ́wọ́ olóhun. Kí oṣù náà tó parí, ìgbà mẹ́rin ni àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ gbé àtúnṣe jáde, láti 2.15.0 títí dé 2.17.1, nítorí pé bí wọ́n ti ń dí ihò kan ni wọ́n ń rí òmíràn. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a rí ihò tí ó jọ ọ́ nínú ojú-ìwé àmójútó H2, ìtẹ̀jáde 2.0.206 ni ó dí i. Ẹni tí kò mọ̀ pé H2 wà nínú ètò òun, báwo ni yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun?

Sísọ di tuntun náà sì ní ewu tirẹ̀ bí a kò bá fi ọgbọ́n ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí a mọ̀, tí a kò ní dárúkọ. Ètò tí wọ́n fi ń ṣírò máàkì ní H2 nínú, ìtẹ̀jáde 1.4.200 ti ọdún 2019. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ pé tuntun ti dé. Ó yọ ti àtijọ́ sọnù, ó fi tuntun sí i. Àká náà kọ̀, kò ṣí. Máàkì ọdún mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì lè jẹun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó nù. H2 ìtẹ̀jáde kejì, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, kò lè ka fáìlì tí èyí àtijọ́ kọ. Ti àtijọ́ gan-an ni ó gbọ́dọ̀ kó àkọsílẹ̀ jáde pẹ̀lú àṣẹ SCRIPT, kí tuntun tó gbà á wọlé pẹ̀lú RUNSCRIPT. Ẹni àtijọ́ ni ó mọ èdè àtijọ́. A kì í lé e jáde kí ó tó sọ ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìtẹ̀jáde àtijọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, iṣẹ́ wákàtí kan ni ó kù.

Derby rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi ìtẹ̀jáde tuntun rẹ̀ ṣí àká àtijọ́, yóò lò ó bí ó ti wà, kò sì ní ṣe ohun tí yóò dí ọ̀nà àbọ̀. Ìgbà tí a bá fi ẹnu ara wa sọ upgrade=true fún un ni yóò tó yí àká náà padà pátápátá, lẹ́yìn èyí ìtẹ̀jáde àtijọ́ kò lè ṣí i mọ́. Ọgbọ́n àgbà ni a rí nínú èyí: ó fún ọ ní àyè láti dán ilé tuntun wò kí o tó wó ti àtijọ́. Kí a kàn rántí pé ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ní Java tí ó bá a mu, 10.14 ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Java 8, ṣùgbọ́n 10.16 ń bèèrè Java 17.

Ní ti Tomcat, sáfà tí ọ̀pọ̀ ètò Java ń jókòó lé lórí kí a tó lè fi íntánẹ́ẹ̀tì bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ìjòyè ni yóò kọ́kọ́ lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ oyè ni. Ní 2017, Oracle pinnu láti fi apá Java kan tí àwọn sáfà ń lò lé Eclipse Foundation lọ́wọ́. Ó fún wọn ní ilé, ó fún wọn ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n máa fi orúkọ oyè náà, javax, ṣe ohun tuntun. Wọ́n bára wọn sọ ọ́ títí, kò bọ́ sí i. Ní 2020 wọ́n pa orúkọ náà tì, wọ́n mú jakarta. Tomcat 9 ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, Tomcat 10 ń jẹ́ tuntun. Ètò tí a kọ fún 9, bí a bá gbé e lé 10 bẹ́ẹ̀, yóò máa pe ẹni tí kò sí nílé mọ́. Tomcat 8.5 ti kúrò lójú ọpọ́n láti òpin oṣù kẹta ọdún 2024, kò sì ní rí àtúnṣe kankan gbà mọ́. Ẹni tí ó bá wà lórí rẹ̀, kí ó lọ sí 9 ná, kí ó sì bi ẹni tí ó kọ ètò rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí yóò ṣetán fún èyí tí ó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe bí àwọn tí ń tọ́jú àká bá sọ pé ó ti tó? Kì í ṣe àlọ́ ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ Derby dìbò, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò ní sí ìtẹ̀jáde mìíràn, kò ní sí ẹni tí yóò dí ihò bí ihò bá yọ. Àwọn kan bínú; àwa kò bínú. Wọ́n ṣe é bí ọmọlúàbí: wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní gbangba kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un. Mélòó nínú àwọn tí ń ta ètò fún wa níhìn-ín ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọkùnrin tí ó kọ ètò náà a ti rékọjá sí Kánádà, kò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Àká tí a fi Derby kọ́ kò ní wó lọ́la; ṣùgbọ́n ilé tí kọ́lékọ́lé rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń bí ọmọ tuntun sí. Kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí H2 tàbí sí àká ńlá bí PostgreSQL, kí ẹni tí kò tíì wọ̀ ọ́ má sì wọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun kan wà tí ó kan ẹgbẹ́ bíi tiwa ju gbogbo èyí lọ, a kì í sì í gbọ́ kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sọ ọ́. Ní 1875 ni àwọn àgbà ìjọ C.M.S. pàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe jẹ́ kí àká tú iṣẹ́ wọn ká. Java mọ Unicode, nítorí náà gbogbo àká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó lè gba ẹ, ọ àti ṣ. Ibi tí ìṣòro wà ni àmì ohùn. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ ni a ó kọ, kí a tó fi àmì kún un. Ẹlòmíràn sì ń bẹ tí yóò kọ o, tí yóò fi kín-ín-ní sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì tún fi àmì sí òkè. Lójú tiwa Adébọ̀wálé kan náà ni. Lójú àká, ènìyàn méjì ni, àwọn méjèèjì yóò sì gba ìwé owó orí. Kí a pinnu ọ̀nà kan, kí ètò máa sọ gbogbo orúkọ di bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ìlẹ̀kùn, ìyẹn ìlànà tí à ń pè ní NFC.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí a kò bá pàṣẹ mìíràn fún Derby, nọ́ńbà lẹ́tà ni ó fi ń tò wọ́n, Ẹ, Ọ àti Ṣ a sì wà lẹ́yìn Z, lẹ́tà tí kò tilẹ̀ sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọlá wà ní ẹ̀yìn ilé bí àlejò. Ọjọ́ tí a ń dá àká Derby sílẹ̀ nìkan ni a lè yan ìlànà mìíràn fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó ti pẹ́ jù. Bí a bá sì ń kó àkọsílẹ̀ jáde sí CSV, kí a dárúkọ UTF-8 fún un, nítorí pé àwọn ètò kan ń kọ ìwé pẹ̀lú ìlànà àtijọ́ tí kò mọ ẹ àti ọ. A ti rí ìwé orúkọ ìjọ kan tí gbogbo ọ inú rẹ̀ ti di àmì ìbéèrè, tí àwọn òkú inú rẹ̀ kò sì sí láàyè mọ́ láti sọ bí wọ́n ti ń jẹ́.

A ó fi ọ̀rọ̀ lórí ènìyàn àti owó parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó lè ra àṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún lè ra dísíkì ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní Àjàgbà, kí èkejì wà ní Òkìtìpupa tàbí lọ́wọ́ ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó. Kí a yan ènìyàn méjì sí iṣẹ́ náà, ẹyọ kan kò tó, nítorí ìgbéyàwó, ikú àti Kánádà. Kí àwọn méjèèjì mọ orúkọ àká tí ó wà nínú ètò kọ̀ọ̀kan, ìtẹ̀jáde rẹ̀, àti ọjọ́ tí a fi ọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe, kí wọ́n gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì rí i pé ó ṣí. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí a fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ti sọ ìkíyèsára bẹ́ẹ̀ di ohun tí ẹni tí ó ní orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ ń jẹ lẹ́bi bí ó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìwé ààlà ilẹ̀ àti ìwé ìdílé ọlọ́yè, ìmọ̀ràn wa le díẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú àká, ó dára. Ṣùgbọ́n bébà tí ó ní òǹtẹ̀ ni kí ó jẹ́ ìyá, kí àká jẹ́ ọmọ, títí ọdún mẹ́ta yóò fi kọjá tí àwọn ènìyàn méjì wọ̀nyí kò tíì pàdánù ohunkóhun. A ti tẹ ìwé pélébé kan tí a lè máa kọ orúkọ àká, ìtẹ̀jáde àti ọjọ́ àtúnṣe sí. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé; àwọn aṣojú ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ẹ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níhìn-ín.